Ìpolówó Ọjà Kọ́ Ni Òwe 27:2 Ń Bá Wí

Ẹ̀yin ará, mo rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pín káàkiri lórí WhatsApp pé obìnrin onígbàgbọ́ tó bá ń polówó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti rú òfin Òwe 27:2. Ìgbéraga lẹni tó kọ ọ́ ń sá fún, ó sì yé mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹsẹ náà sọ ni pé kí ẹlòmíràn yìn wá, kó má ṣe jẹ́ ẹnu ara wa. Kò dárúkọ ọjà. "Kò sí aránṣọ tó tó mi ládùúgbò yìí," ìyìn ara ẹni nìyẹn. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń rán bùbá àti ìró, ẹ wo ojú rírán rẹ̀," ìpolówó nìyẹn. Ta ló ń bínú sí alágbàdo tó ń kígbe pé ó gbóná fẹlifẹli? (Bí kò bá gbóná, irọ́ nìyẹn, ẹjọ́ mìíràn sì ni.)

Ẹ ṣí ìwé Òwe kan náà sí orí 31. Ní ẹsẹ 18, obìnrin oníwà rere tí orí náà ń yìn mọ̀ pé ọjà òun dára. Ní ẹsẹ 24, ó ń dá aṣọ ọ̀gbọ̀, ó sì ń tà á. Ẹsẹ 31 ní kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yìn ín lẹ́nu ibodè, níbi tí gbogbo ìlú ń pé sí. Báwo niṣẹ́ tó wà ní ìpamọ́ nínú yàrá ṣe máa yìn ín níbẹ̀?

Lìdíà, obìnrin oníṣòwò inú Bíbélì, náà ńkọ́? Ìṣe 16:14 ti dárúkọ òwò aṣọ elésè àlùkò rẹ̀ kó tó sọ pé Olúwa ṣí i lọ́kàn.

Ẹ kà á fúnra yín kẹ́ ẹ tó tún fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́.