Àgbà Kì Í Wà Lọ́jà Kórí Ọmọ Tuntun Wọ́: Ọ̀rọ̀ fún Ìyá tó Fẹ́ Máa Ta Nǹkan Ọmọ Látilé

Tá a bá pa òwe yìí, ohun tó máa ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni bàbá arúgbó kan tó ń parí ìjà. Kò burú, a máa ń lò ó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú òwe náà gan-an. Ìyá kan pọnmọ wá sọ́jà Kútọ̀, ó ń ná ata, ó ń wá ṣéńjì nínú pọ́ọ̀sì, orí ọmọ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ẹ̀, òun ò sì mọ̀ torí kò sẹ́ni tó lójú nípàkọ́. Ìyá aláta tàbí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa rí i, òun ló máa sọ pé "ìyá ọmọ, ẹ dúró ná, ẹ tún ọmọ yín pọ̀n." Ẹni yẹn làgbà.

Àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ló jẹ́ kí n rántí òwe yìí. Ó ní òun fẹ́ máa ta nǹkan ọmọ látinú ilé níbí l'Abẹ́òkúta, nápì aláṣọ, òrí, ọṣẹ dúdú, ọ̀já, àwọn nǹkan tí kò ní ba ilẹ̀ àti omi jẹ́. Kó tó ra yáàdì aṣọ kan ṣoṣo, ó ti ya àmì bísínẹ́ẹ̀sì ẹ̀, ewé tútù kan báyìí tó rọ̀gbà yí ọmọ ká. Ó rẹwà o. Ṣùgbọ́n àbúrò mi, ọjọ́ tó o bá ti gbowó lọ́wọ́ ìyá ọlọ́mọ, ìwọ làgbà ọjà yẹn, ọmọ ọdún 24 tó o jẹ́ yìí, torí ìwọ lo mọ ohun tó wà nínú ọjà ẹ, ìyá ọmọ ò mọ̀ ọ́n.

Èrò ẹ dáa, mi ò ní tàn ẹ́. Ẹni tó bá ń gbé Abẹ́òkúta mọ̀ pé tí òjò ńlá bá rọ̀, tí gọ́tà bá kún, pámpásì tó ti wú bí ìrọ̀rí wà lára ohun tó ń dínà omi, omi ọ̀hún á wá yà wọlé onílé. A ò tíì gbàgbé omíyalé 2018. Ọmọ tuntun sì lè lo 8 sí 10 lójúmọ́, ọ̀rá ló wà lẹ́yìn ẹ̀, àwọn kóró kéékèèké tó ń fa ìtọ̀ mu nínú ẹ̀ náà kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Nápì aláṣọ bíi 24, tí ìyá ọmọ bá ń fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ méjì-méjì, ó tó ọmọ kan, ọmọ tó bá tẹ̀ lé e á tún lò ó. Àwọn ìyá wa ò pe èyí ní nǹkan bàbàrà, wọ́n ń sè é, wọ́n ń sá a sóòrùn, ó parí.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ẹnì kan nínú ẹbí kó aṣọ ọmọ wá fún wa, aṣọ tí ọmọ tiẹ̀ ti lò, ó ti tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí fún bí ọdún mẹ́ta, ó sì da káńfọ̀ sí i, àwọn funfun róbótó yẹn, kí aáyán má bàa jẹ ẹ́. Òórùn ẹ̀ dùn mọ́ wa, òórùn ìmọ́tótó la kà á sí. Mo kàn gbọ́n ọn, mo fi wọ ọmọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin ojú ọmọ ti pọ́n bí ìyeyè, àwọn kan ní ká gbé e sí oòrùn àárọ̀, àwọn kan ní ká fún un ní omi gúlúkóòsì, a sì fi ọjọ́ kan gbáko ṣòfò lórí ìyẹn. Ìgbà tá a dé ọsibítù, kí dókítà tó fọwọ́ kan ọmọ rárá, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé "Màmá, ṣé káńfọ̀ wà nínú aṣọ ọmọ yìí?"

Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí wọ́n ń pè ní G6PD. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní Nàìjíríà ni èròjà yìí ò tó lára wọn látinú oyún, àwọn ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn, ìyá ò sì lè fojú mọ̀ ọ́n. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa káńfọ̀ símú, kẹ́míkà tó ń jẹ́ naphthalene tó wà nínú ẹ̀ á máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ara ọmọ á pọ́n, tó bá pọ́n jù, ohun tó ń mú kára pọ́n yẹn lè wọ ọpọlọ, ó lè di etí ọmọ. Iná aláwọ̀ búlúù ni wọ́n gbé tèmi sí, Ọlọ́run bá wa ṣe é, ó yè, ó ń lọ sílé ìwé báyìí. Mi ò bínú sẹ́ni tó fún wa láṣọ, ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni pé tó bá ṣe àmì ewé là ń wò, aṣọ yẹn yege: òwú gidi ni, aṣọ àlòkù tá a tún lò ni, kò sí ọ̀rá kankan lára ẹ̀. Orí ọmọ ló wọ́.

Torí náà, káńfọ̀ ò gbọ́dọ̀ dé yàrá tó o bá ń kó ọjà sí. Ra ike onídèérí tó sé dáadáa, ìyẹn náà ń lé aáyán. Bi tẹ́lọ̀ tó ń bá ẹ rán an léèrè ibi tó ń kó aṣọ sí. Kí o sì kọ ọ́ sórí bébà kékeré sínú gbogbo ẹrù tó bá jáde, ní Yorùbá tó yé ìyá àgbà, torí ìyá àgbà ló máa tọ́jú aṣọ yẹn: kò gbọ́dọ̀ sí káńfọ̀, kò gbọ́dọ̀ sí àtíkè tàbí ìpara onímẹ́ńtọ́ọ̀lù lára ọmọ tuntun.

Aṣọ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Tí aláṣọ bá ní kọ́tìn ni, fa òwú kan yọ, ṣáná sí i: òwú gidi á jó bíi bébà, eérú ẹ̀ á fẹ́lẹ́, àmọ́ tó bá yọ́ tó dì bíi ìlẹ̀kẹ̀, ọ̀rá wà nínú ẹ̀ nìyẹn. Fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó o tó gé e, torí kọ́tìn máa ń súnkì. Tó o bá fi aṣọ tí omi ò lè gbà kọjá sẹ́yìn nápì, sọ fún kọ́sítọ́mà pé ọ̀rá wà lára ìyẹn, má sọ pé òwú ni gbogbo ẹ̀. Sọ fún un kó má fi ohun tó ń mú aṣọ rọ̀ fọ̀ ọ́ torí kò ní jẹ́ kó fa omi mọ́. Kó lọ̀ ọ́ tó bá gbẹ, eṣinṣin kan wà tó ń yé sí aṣọ tó tutù níta, ìdin ẹ̀ sì ń wọ ara ọmọ, iná áyọ́ọ̀nù ló ń pa ẹyin ẹ̀.

Mo mọ̀ pé o máa fẹ́ lo àdìrẹ, ọmọ Ẹ̀gbá ni ẹ́, Ìtòkú ò sì jìnnà. Fi ṣe ọ̀já, fi ṣe báàgì tí wọ́n ń kó nápì sí. Láyé àwọn ìyá ìyá wa èlú ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́, lóde òní dáì àti sódà ló pọ̀ jù, ó sì gba kéèyàn ṣàn án léraléra. Má fi kan ìdí ọmọ. Funfun ni kó o lò níbẹ̀.

Òrí àti ọṣẹ dúdú, ṣe sùúrù pẹ̀lú wọn ná. Òrí tó dáa ń bọ̀ láti Ṣakí àti Kwara, mo fẹ́ràn ẹ̀, òun náà ni mo fi ń para fún àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bó o bá ti rọ ọ́ sínú ike, tó o lẹ orúkọ mọ́ ọn, NAFDAC fẹ́ rí ẹ, kò sì yẹ kó o sá fún wọn. Ní 2008 sí 2009, oògùn eyín ọmọ kan tí májèlé tó ń jẹ́ diethylene glycol wọ inú ẹ̀ pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà yìí, ìyá tó fún ọmọ ẹ̀ rò pé òun ń tọ́jú ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdín, tà á bí òróró ìpara, má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ń wo gìrì. Ọmọ tí gìrì bá mú, ọsibítù ló ń lọ.

Ọ̀rọ̀ owó kò pọ̀. Fi orúkọ bísínẹ́ẹ̀sì ẹ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é. Di nápì mẹ́fà-mẹ́fà pọ̀ fún àwọn tó ń wá ẹ̀bùn ìsọmọlórúkọ, ìyẹn ló ń tètè tà. Má ta àwìn fún ẹbí níbẹ̀rẹ̀, o ò ní lè béèrè ẹ̀.

Tó bá di Sátidé, kó fúláánẹ́lì tó o ní o ti rà yẹn dání wá sílé mi, gbé ọmọ náà wá. Màá ti wá ìṣáná sílẹ̀, ká jọ fa òwú ẹ̀ yọ ká jó o wò kí tẹ́lọ̀ tó ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́.