Ẹ Má Fárí Ọmọ Lẹ́yìn Òbí Rẹ̀

Àlàyé tí àwọn aláṣẹ ilé-ìwé LEA kan (ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba) ní Kubwa, ní Àbújá, ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, lórí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ọmọ ọdún 9 tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Kuje, kò tẹ́ wa lọ́rùn. Wọ́n ní àwọn ti fi tó òbí létí. Wọ́n fi tó o létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé ìpinnu náà ti ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n pe ìyá ọmọ sí ìpàdé, nítorí náà ìdájọ́ tí wọ́n ti dá tán ni wọ́n pè é wá gbọ́. Ọ̀gá kan ní àṣìṣe ẹni tí ó tẹ ìwé ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi akọ̀wé sílẹ̀.

Ìyá náà kò lọ sí ìpàdé yẹn lọ́wọ́ òfìfo. Ó mú ìwé àkọsílẹ̀ kan dání, nínú èyí tí ó ti ń kọ ohun tí ọmọ rẹ̀ rí gbọ́ àti ohun tí kò rí gbọ́ ní kíláàsì láti ìgbà tí sáà ti bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ tí bátìrì ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kú, ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ jókòó lẹ́yìn nítorí pé ó ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ bá kọjú sí àwọn ọmọ ṣàlàyé, ọmọ náà á délé, á sì kà á lákàtúnkà fún ìyá rẹ̀. Èyí tí olùkọ́ bá kọ̀yìn sí wọn sọ bí ó ti ń kọ̀wé sójú pátákó, kò mú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan bọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ olùkọ́ dunjú yóò ti rí i níbẹ̀ pé àga iwájú ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọ yìí kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ Kuje. Kàkà kí wọ́n gba ìwé náà wò, ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé, “Màmá, ẹ jẹ́ kí àwọn tó kàwé ẹ̀ sọ̀rọ̀.” Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe ìpàdé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àfi ìgbà tí ó kan ibi tí òbí yóò ti fọwọ́ sí i ni ẹnìkan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun gbọ́ Yorùbá.

A kò bá ilé-ẹ̀kọ́ Kuje jà. Ọmọ tí ó nílò èdè ọwọ́ yẹ kí ó lọ síbi tí wọ́n ti ń fi í kọ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Kubwa sí Kuje kì í ṣe èyí tí ọmọ ọdún 9 lè máa lọ láàárọ̀ kí ó sì máa bọ̀ nírọ̀lẹ́, ẹni tí yóò sì yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí rẹ̀ lójú ìyá náà.

Òfin tí ó dènà yíya àwọn akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀, èyí tí ààrẹ ìgbà náà fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2019, kò fi epo bọyọ̀. Ó fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí pé a yà á sápá kan, ó sọ ẹ̀kọ́ náà di ọ̀fẹ́ títí dé òpin ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì pàṣẹ pé, ó kéré tán, ẹnìkan tí ó kọ́ iṣẹ́ bí a ti ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ọdún 5 tí òfin náà fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe ti pé ní oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì ti mọ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àwọn akàndá ẹ̀dá síwájú ilé wọn, nítorí pé ìyẹn ni ohun tí ènìyàn jàǹkàn lè wá ṣí níṣojú oníròyìn. Ta wá ni ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ní ilé-ìwé Kubwa yìí? A ti béèrè, wọn kò dá wa lóhùn. Kì í ṣe pé irú wọn wọ́n bí ojú, láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe tí ó wà ní Ọ̀yọ́ ti ń kọ́ wọn jáde. Ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ń pín sì wà fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Òbí tí wọ́n bá jẹ́ kí ó jókòó, kí ó sì sọ̀rọ̀, yóò béèrè ibi tí owó yẹn wọlé sí, bóyá ìdí nìyẹn tí wọn kò fi fẹ́ kí ó jókòó.

Ohun tí a ti ń tẹnu mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ nínú ìwé ìròyìn yìí ni àlàfo tí ó wà láàárín ẹ̀tọ́ ọmọ àti bí wọ́n ṣe ń ṣe ìpinnu lé e lórí. Òfin fún ọmọ ní àyè ní kíláàsì, kò to bí ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò ṣe wáyé lẹ́sẹẹsẹ. Láti ọdún 1975 tí Amẹ́ríkà ti ṣe òfin tirẹ̀ ni òbí ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń pinnu: wọ́n gbọ́dọ̀ pè é ṣáájú àkókò, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ògbufọ̀ fún un bí kò bá gbọ́ èdè wọn, ó sì lè pe ẹjọ́ tako ìpinnu wọn. A ti mọ ohun tí wọn yóò fi dá wa lóhùn, pé ibí kì í ṣe Amẹ́ríkà. Èló ni àga kan? Èló ni ìwé tí a óò fi pe ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú?

Òótọ́ ni pé àwọn òbí kan wà tí wọ́n ń ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́lé nítorí ìtìjú, a sì mọ̀ pé olùkọ́ tí ọmọ kún kíláàsì rẹ̀ fọ́fọ́ ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa sọ fún obìnrin tí ó kó ẹ̀rí wá pé ìfẹ́ ọmọ ló ń dà á láàmú, ìwọ̀sí ni. Ó sì ti sú wa kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa nawọ́ sí FCTA, ìyẹn àwọn tí ó ń ṣàkóso olú-ìlú, kí FCTA náà máa nawọ́ padà sí wọn, nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá délẹ̀ ní Àbújá.

Kí wọ́n fagi lé ìwé ìpinnu yẹn. Kí wọ́n tún ìpàdé náà ṣe kí sáà tuntun tó wọlé, kí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá túmọ̀ fún ìyá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó mú ẹni tí ó bá wù ú lọ́wọ́, kí wọ́n sì fún un ní ẹ̀dà ohun gbogbo tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó ní kí ó fọwọ́ sí i. Kí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó wà fún àwọn akàndá ẹ̀dá, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá yìí kan náà, kọ ìlànà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, kí ó sì fi ìjìyà tí yóò tọ́ sí ọ̀gá ilé-ìwé tí ó bá tàpá sí i síbẹ̀.