Taj Mahal la fẹ́ wò, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń kó wa kiri

Ó sú mi o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé Agra rí, ìlú tí Taj Mahal wà ní India, ẹ mọ ìwà àwọn onímáruwá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Sátidé tó kọjá yìí, màmá mi ni wọ́n fi ṣe, mi ò sì lè dákẹ́.

Orúnkún ni màmá wá tọ́jú ní Delhi. Ojú iṣẹ́ abẹ ti jinná, dókítà ní kí wọ́n máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bẹ̀ mí fún kí wọ́n tó padà sí Ìbàdàn ni kí n mú wọn lọ wo Taj Mahal, ilé tí ọba kọ́ sórí sàréè ìyàwó rẹ̀. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì Gatimaan. Reluwé yẹn ń sá eré 160 kìlómítà ní wákàtí kan, kò pé wákàtí méjì tá a fi wọ Agra. Ibẹ̀ ni eré tán sí.

A bá onímáruwá kan ṣe àdéhùn: Taj Mahal lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà Agra Fort, ààfin olódi àwọn ọba àtijọ́. Ó gbà. "Mataji" síhìn-ín, "Mataji" sọ́hùn-ún ló ń pe màmá mi, ìyẹn ni "ìyá" lédè wọn. Ká tó rìn jìnnà, ó ti yà. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ó ní, ká kàn wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ òkúta ara Taj. Ọkùnrin kan jókòó sílẹ̀, ó ń fọwọ́ yí ọlọ, ó ń lọ òkúta pupa kan tí kò tóbi ju èékánná lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni! Wọ́n tì wá wọ yàrá kejì, wọ́n gbé tíì wá, wọ́n paná, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ àwo mábù, òdòdó ara rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Wọ́n ní bàbá ńlá àwọn ló kọ́ Taj. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń sọ bẹ́ẹ̀! Bá a ṣe ní a ò rà, ojú yí padà bírí, kò sẹ́ni tó kí wa pé ó dàbọ̀.

Onímáruwá tún yà. Kápẹ́ẹ̀tì, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo ní kí màmá dúró sínú máruwá, ó ní oòrùn mú, kí Mataji wá sinmi lókè. Sinmi! Owó tí oníṣọ́ọ̀bù máa fún un lórí wa ló ń wá. Màmá mi di irin àtẹ̀gùn mú, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n ń fa ìkejì. Ẹni tó ń pè é ní ìyá dúró nísàlẹ̀, ó ń tẹ fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn, bàtà aláwọ. Lẹ́yìn ìyẹn, petha, ìpanu dídùn ìlú Agra. Màmá ní, "Ọmọ mi, ṣé ọjà la wá ná ni?"

Ọ̀sán ti lọ ká tó dé ẹnu ọ̀nà Taj. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń tì í, gbogbo ayé ló ń rọ́ wá ní Sátidé. Àjèjì ń san 1,100 rúpìì, ọmọ ìlú ń san 50, èmi tí mò ń san owó ilé ní Noida lẹ́gbẹ̀ẹ́ Delhi, àjèjì náà ni mí. Ìlà obìnrin yàtọ̀ sí tọkùnrin, mi ò lè bá màmá dúró, làwọn kan bá ń fa gèlè wọn kí wọ́n lè bá wọn ya fọ́tò. Ta ló fún yín láyè?

Ibi tí ọkàn màmá wà jù ni Agra Fort. Ibẹ̀ ni Aurangzeb há Shah Jahan, ọba tó kọ́ Taj, bàbá tó bí i, mọ́ ní 1658, títí bàbá fi kú ní 1666, tó ń wo sàréè ìyàwó rẹ̀ lókèèrè. Màmá fẹ́ dúró síbi tí bàbá yẹn ti ń wò ó. Ògiri pupa rẹ̀ nìkan la rí láti ẹ̀yìn Taj, lókè odò Yamuna. Àkókò reluwé ti tó. Ọjọ́rú ni wọ́n ń padà sílé, kò sí Sátidé mìíràn.

Onímáruwá wá nawọ́, ó ní ká fún òun ní ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn kí ni?

Ẹni yòówù tó láṣẹ lórí máruwá ní Agra, ẹ dá owó tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń fún wọn yìí dúró. Lónìí! Mi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹ ń wo ọ̀rọ̀ náà.