Ẹ yéé sọ pé abúlé apẹja lásán ni Tokyo kí Ieyasu tó dé

Ẹni tó bá ti fẹ́ sọ ìtàn Tokyo lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ibì kan náà ló máa ti bẹ̀rẹ̀: abúlé apẹja kékeré kan báyìí, ẹrẹ̀ lọ́tùn-ún, ẹrẹ̀ lósì, kò sẹ́ni tó kà á sí, àfìgbà tí Tokugawa Ieyasu, ọ̀gágun ará Japan, dé ní 1590 tó sọ ọ́ dìlú. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ jàre.

Edo nìlú yẹn ń jẹ́ kó tó di Tokyo ní 1868. Láti bíi 1180 la ti ń gbọ́ orúkọ ìdílé jagunjagun kan tó ń jẹ́ Edo níbẹ̀, 400 ọdún sì nìyẹn kí Ieyasu tó tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ní 1457, jagunjagun kan tó ń jẹ́ Ota Dokan mọ odi àti ààfin ológun síbẹ̀, nígbà tó di 1524 ìdílé ológun Hojo tó wà nílùú Odawara gbà á. Ta ló ń jagun torí odi tó ń ṣọ́ ẹja? Ẹ tún wo Shinagawa tí ò jìnnà síbẹ̀, èbúté ọkọ̀ ojú omi ni tipẹ́, ọjà ń ti apá Ise wá síbẹ̀, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ sì lówó lọ́wọ́. Ká má tíì sọ ti tẹ́ńpìlì Senso-ji ní Asakusa, tí ìtàn ibẹ̀ sọ pé ọdún 628 ló bẹ̀rẹ̀ (àwọn apẹja méjì ló wà nínú ìtàn yẹn lóòótọ́, mi ò jiyàn pé wọ́n pẹja níbẹ̀ o).

Kódà kì í ṣe pé Ieyasu rí ibi tó wù ú. Toyotomi Hideyoshi, ẹni tó lágbára jù ní Japan nígbà yẹn, ló ṣẹ́gun àwọn Hojo, òun ló gba ilẹ̀ bàbá Ieyasu lọ́wọ́ ẹ̀ tó fi Kanto, agbègbè tí Edo wà, rọ́pò fún un. Ìdílé Tokugawa wá ṣèjọba fún ohun tó lé ní 260 ọdún, àwọn èèyàn wọn ló sì ń kọ ìtàn. Ẹni tó ń ki ọba, ṣé ó máa sọ pé ilé tẹ́lòmíì ti kọ́ lọba kó wọ̀ ni? Bí wọ́n bá ṣe ba ti àná jẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni bàbá ńlá wọn á ṣe tóbi tó.

Ibi tí òótọ́ wà nínú ìtàn yẹn ni ti ilẹ̀. Ó yí padà, ó kọjá kèrémí. Nígbà tí Ieyasu dé, òkun wọ Hibiya wá títí dé tòsí ààfin, ibi tí ọ́fíìsì ńláńlá àti páàkì wà lónìí, omi ni. Lẹ́yìn tó di shogun, ìyẹn olórí ológun tó ń ṣàkóso Japan, ní 1603, wọ́n ní káwọn daimyo, ìyẹn àwọn olóyè tó ní ilẹ̀ àti ọmọ ogun tiwọn, kó òṣìṣẹ́ wá, wọ́n gé òkè Kanda, wọ́n sì ń da yẹ̀pẹ̀ ẹ̀ sínú omi, sand-fill táwọn ará Èkó mọ̀ dáadáa yẹn gan-an ni, àmọ́ ọwọ́ àti agbọ̀n ni wọ́n fi ṣe é. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe afárá Nihonbashi.

Ẹ má sì gbé gbogbo ẹ̀ fún Ieyasu nìkan. 1616 ló kú. Kòtò ńlá tí odò Kanda ń gbà kọjá ní Ochanomizu, tí rélùwéè ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ báyìí, ìdílé daimyo Date ará Sendai ni wọ́n gbé iṣẹ́ ẹ̀ fún lẹ́yìn ikú ẹ̀. Odò Tone tó ń ṣàn tẹ́lẹ̀ wọ ibi tó ń jẹ́ Tokyo Bay lónìí, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n darí ẹ̀ sí ìlà oòrùn títí tó fi ń jáde sókun ní Choshi, 1654 ni wọ́n tó parí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ìyẹn 38 ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín.