Kì Í Ṣe Ben Carson Ló Kọ́kọ́ Ya Ìbejì Tó Lẹ̀ Mọ́ra

Ọ̀rọ̀ kan ń kárí WhatsApp ní Ọ̀yọ́ níbí, pé Ben Carson, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, ni dókítà àkọ́kọ́ láyé tó ya ìbejì tó lẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀yin ará, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1957, tí Carson ṣì wà lọ́mọdé, C. Everett Koop, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ fáwọn ọmọdé, ti ya irú wọn ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn sì ti ṣe é ṣáájú òun náà.

Koop yìí ló yẹ ká mọ̀ dáadáa. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ dókítà láti kun ìkókó lóorun fún iṣẹ́ abẹ. Òun kò sá. Ní 1956 ó dá wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe sílẹ̀ fún irú àwọn ìkókó bẹ́ẹ̀.

Ti Carson ní 1987 yàtọ̀: ẹ̀yìn orí ni ìbejì ará Jámánì náà fi lẹ̀ mọ́ra, nǹkan bí èèyàn 70 ló pawọ́ pọ̀ fún wákàtí 22. Ìyìn ńlá nìyẹn, kò nílò àbùmọ́. Àwa tí à ń ki ẹ̀jìrẹ́ ní ará Ìṣokùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí tí kò tọ́ ránṣẹ́ mọ́.