Èsì wa sí ẹ̀gbọ́n tó fún wa ní ìràwọ̀ méjì lórí ọ̀nà La Morra

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àárẹ̀ ìrìn-àjò. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa wa lálẹ́ àná, mo tún kà á lówùúrọ̀ yìí kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún lẹ fún wa, àwa tó ń fi kẹ̀kẹ́ háyà ní Langhe, ilẹ̀ olókè tí oko àjàrà pọ̀ sí ní Ítálì. Ẹ ní a pe ọ̀nà wa ní ọ̀nà tó dákẹ́ rọ́rọ́, a ò sọ fún yín pé òkè lórí òkè ni. Pé ìyàwó yín fi ẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́, láti Barolo títí dé La Morra. Pé ẹ bọ́ sójú ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé yín ṣubú. Pé mọ́tò pọ̀ nígbà tí ẹ ń jáde ní Alba. Pé ebi pa yín ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ ò sì rí ilé oúnjẹ kan tó ṣí. Gbangba ni mo fẹ́ ti dá yín lóhùn, torí àwọn mìíràn ń bọ̀ wá gba kẹ̀kẹ́ háyà lọ́wọ́ wa, ó yẹ kí àwọn náà mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ló dùn mí jù. Ẹ̀bi wa ni. Nígbà tí ẹ dá kẹ̀kẹ́ padà, mo dorí èyí tí wọ́n gùn kodò, mo ka eyín jíà ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó tóbi jù níbẹ̀, eyín 28 ló ní. Kẹ̀kẹ́ tó yẹ kí a fún wọn ní eyín 34 lẹ́yìn. Bí eyín 34 bá wà níwájú, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń yí i, tí 34 wà lẹ́yìn, bí ẹsẹ̀ bá yí po lẹ́ẹ̀kan, táyà náà á yí lẹ́ẹ̀kan péré, èèyàn á lè máa rọra gòkè bí ẹni ń rìn lọ sọ́jà, tí á sì tún lè máa bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ 28, ara eékún ni yóò ti mọ̀ ọ́n. Kẹ̀kẹ́ eléyín 34 tán ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ Sátidé yẹn, a sì gbé èyí tó ṣẹ́kù fún wọn láìsọ fún yín. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ rárá. Mo ti dá gbogbo owó háyà kẹ̀kẹ́ náà padà sí káàdì tí ẹ fi san án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.

Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Pé a pè é ní ọ̀nà tó dákẹ́, òótọ́ la sọ, màá sì tún un sọ lọ́la. Ní Langhe níbí, ìdákẹ́rọ́rọ́ àti òkè, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Láyé àtijọ́, orí òkè ni wọ́n tẹ ìlú dó sí, pẹ̀lú odi àti ilé ìṣọ́. Nígbà tí mọ́tò dé, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni títì ńlá gbà, ibẹ̀ náà ni ilé ìkẹ́rùsí àti ilé epo wà títí dòní. Ẹni tó ń kánjú, ìsàlẹ̀ ló ń gbà. Ọ̀nà orí òkè wá ṣẹ́kù fún àgbẹ̀ tó ń wa katakata, fún ìyá àgbà tó ń lọ ra búrẹ́dì, àti fún àwa oníkẹ̀kẹ́. Gbogbo ariwo tí ẹ gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, láàárín Alba àti Gallo ni ẹ ti gbọ́ ọ, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Láti ibi tí ẹ ti yà kúrò ní Gallo, tí ẹ dorí kọ Serralunga, mọ́tò mélòó ló kọjá lára yín?

Àjàrà Barolo pàápàá kò sí ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Òfin tó de wáìnì Barolo kò gba èso tí wọ́n bá gbìn sí ìsàlẹ̀ àfonífojì, kò gba èyí tó kọjú sí àríwá gan-an, ó sì ní oko náà gbọdọ̀ wà láàárín mítà 170 sí 540 sókè òkun. Oòrùn ni wọ́n ń wá fún nebbiolo, ìyẹn àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe Barolo, torí ó ń pẹ́ kó tó pọ́n. Oṣù kẹwàá ni wọ́n sábà máa ń ká a. Ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láàárín oko Barolo, àfi kó gòkè.

Ẹ kò kọ nǹkan kan nípa òwúrọ̀ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ òun ni ìdí tí mo fi yan ọ̀nà yẹn fún yín. Lóṣù kẹwàá, kùrukùru máa ń kún àfonífojì bí omi ọ̀sà. Ẹ ó máa wa kẹ̀kẹ́ lọ nínú òtútù, ìrì á máa sẹ̀ sí irun apá yín, ẹ ò ní rí ju táyà iwájú lọ. Lẹ́yìn náà ẹ ó ṣàdédé yọrí sínú oòrùn. Ààfin Serralunga á dúró tẹ́ẹ́rẹ́ lókè orí yín, La Morra á wà ní òdìkejì bí erékùṣù. Bí ojú ọ̀run bá mọ́, òkè ńlá Monviso náà á yọ lọ́ọ̀ọ́kán, tòun ti yìnyín lórí. Ohun tí ẹ ó máa gbọ́ kò ju ìró ṣéènì yín àti ti àlùmọ́gàjí àwọn tó ń gé èso àjàrà lọ. Ọdún kọkànlá tí mo ti ń gba ibẹ̀ rèé, mo ṣì máa ń dúró níbẹ̀.

Ohun tí ìwé ọ̀nà wa kò ṣe dáadáa ni pé kìlómítà nìkan ló kọ. Ẹ ní ẹ máa ń gun kìlómítà 60 lọ́jọọjọ́ Ìsinmi létí odò Thames, ẹ wá rí kìlómítà 50 nínú ìwé wa, ẹ rò pé ọ̀sán á bá yín nílé. Kò sí ẹni tí kò ní rò bẹ́ẹ̀. Alba wà ní nǹkan bíi mítà 170, Serralunga ju 400 lọ, Monforte 480, ẹ sì tún sọ̀kalẹ̀ láti Novello wá sí Barolo tó wà ní nǹkan bí 300, kí ẹ tó tún gòkè lọ sí La Morra tó ju 500 lọ. Bí a bá ro gbogbo gígòkè yẹn pọ̀, ó sún mọ́ mítà 1,000. Ibi tó yẹ kí a kọ ìyẹn sí, a fi kọ pé wọ́n sáré ìpele kan nínú Giro d'Italia 2014, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ti Ítálì, láti Barbaresco wá sí Barolo, pé Rigoberto Urán ọmọ Colombia ló gba ipò kìíní lọ́jọ́ náà, àti pé ọdún yẹn náà ni UNESCO fi oko àjàrà wọ̀nyí sínú ìwé ogún àgbáyé. Ìwúrí ni fún wa, ṣùgbọ́n kò ran ẹsẹ̀ oníbàárà lọ́wọ́. Ìwé tuntun ti jáde lọ́sẹ̀ yìí: gbogbo òkè ló wà níbẹ̀, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí sí, àti iye mítà tí ẹ ó gùn.

Ti ọ̀nà olókùúta, mo wo ipa ọ̀nà tí ẹ̀rọ orí kẹ̀kẹ́ yín kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn Novello, ìwé wa ní kí ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà ọ̀dà títí dé Barolo. Ibẹ̀ lẹ ti yà wọ inú oko. Ó jọ pé máàpù fóònù yín ló ní ibẹ̀ yá. Ẹrẹ̀ ara táyà yín sì bá a mu: ẹrẹ̀ eléérú, tó ń funfun bó bá gbẹ, tó lẹ̀ mọ́ bíréèkì débi pé omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì la fi ṣí i. Bí òjò bá kan ilẹ̀ yẹn, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Mi ò fi bá yín wí o, ìkóríta yẹn ṣòro fún àlejò. A ti ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀, bí ọ̀dà bá tán lábẹ́ táyà yín, ẹ padà sẹ́yìn.

Ti mọ́tò tó pọ̀ ní Alba, ọjọ́ tí ẹ wá ló fà á, a sì jẹ̀bi díẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ ìgbà ìpàtẹ tartufo funfun lẹ wá, ìyẹn olú olówó ńlá tí wọ́n ń fi ajá wá lábẹ́ ilẹ̀. Gbogbo ayé ló ń wa mọ́tò wá sí Alba ní Sátidé bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín kí ẹ wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú. Ti oúnjẹ, ilé oúnjẹ ìgbèríko sábà máa ń pa iná ìdáná ní nǹkan bí aago méjì ààbọ̀, ó di alẹ́ kí wọ́n tó tún dá a. Ẹ jókòó jẹ tajarin yín, ìyẹn pásítà tín-ín-rín ti ibí, kí aago kan tó kọjá.

Ẹ tún béèrè ìdí tí a kò fi kọ ilé tí wọ́n ti ń tọ́ wáìnì wò sínú ìwé. A mọ̀ọ́mọ̀ ni. Òfin ọtí tó de onímọ́tò ní Ítálì de oníkẹ̀kẹ́ náà, gíláàsì wáìnì kan sì lè wọra ju bí èèyàn ṣe rò lọ lórí ìsọ̀kalẹ̀ tó yí kọ́lọkọ̀lọ bíi ti Verduno. Ẹ ra ìgò yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì, ẹ mu ún lálẹ́.

Bí ìyàwó yín bá gbà láti tún wá, kì í ṣe La Morra ni màá kọ́kọ́ rán wọn lọ. Màá ní kí ẹ gba apá Barbaresco, láti Alba lọ sí Barbaresco àti Neive, kí ẹ sì gba Treiso padà. Òkè wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò tó ti ọjọ́ yẹn. Ẹ ó máa wo odò Tanaro nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kẹ̀kẹ́ oníbátìrì, a ó fún wọn ní iye owó kẹ̀kẹ́ lásán. Bátìrì náà ń ti èèyàn títí dé kìlómítà 25 ní wákàtí kan, lẹ́yìn ìyẹn ẹsẹ̀ ló kù, ṣùgbọ́n lórí òkè kò sẹ́ni tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ wọn kan, aláwọ̀ búlúù, ti ọwọ́ òsì, wà lọ́dọ̀ wa. Abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ ni mo ti rí i. Mo ti fọ̀ ọ́. Ẹ fi àdírẹ́sì yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, kì í ṣe níbí, màá fi sí pósítì lọ́jọ́ Ajé.