Igi Kajú Kò Lè Bá Àgbẹ̀ Sá Lọ

Nígbà tí àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Èrúkù, ní ìpínlẹ̀ Kwara, ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, tí wọ́n sì kó èèyàn 38 wọ igbó lọ kí wọ́n tó gba òmìnira, gbogbo ayé ló gbọ́. Èyí tí ariwo rẹ̀ kò jáde ni ti àwọn oko kajú àti kòkó tó wà lẹ́yìn ìlú ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, Ìsin, Ìrẹ́pọ̀dùn àti Èkìtì ní Kwara níbẹ̀, tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí àwọn tó ni ín lè wọ̀ mọ́.

Ẹni tó ń gbin iṣu, bí ogun bá lé e kúrò lọ́dún yìí, lè kọ ebè níbòmíràn lẹ́ẹ̀mìíràn. Ti kajú kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́ta kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé bàbá ẹni tó ń kó o lónìí ló gbìn ín. Bí olóko kò bá rí oko dé kí ọyẹ́ tó mú, ta ni yóò ro etí oko yí ká? Iná ẹ̀ẹ̀rùn yóò gba inú koríko gbígbẹ wọlé, yóò sì jó iṣẹ́ ogún ọdún ní ọ̀sán kan. Bí iná bá tilẹ̀ dá a sí, fúnra rẹ̀ ni èso ń já bọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣà á ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí igi, kó máa yí kóró kúrò lára èso, kó máa jù ú sínú garawa. Àwọn obìnrin ló sábà máa ń ṣe é. Ẹni tó dojú bolẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè máa ṣọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Bí òjò bá sì bá kóró náà nílẹ̀, yóò dúdú, oníṣòwò yóò sì gé owó rẹ̀, owó tí wọ́n ti fi ojú sùn fún ilé-ìwé ọmọ.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara àti ti àpapọ̀ ni pé kí wọ́n fi àsìkò oko ṣe òdiwọ̀n ètò ààbò: kí ọmọ ogun wà lójú ọ̀nà oko nígbà tí wọ́n bá ń ro etí rẹ̀, kí wọ́n sì tún wà níbẹ̀ jálẹ̀ ìgbà tí wọ́n bá ń ṣa kajú. A kò fojú kéré àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, nítorí àwọn kan nínú wọn fi ẹ̀mí dí i ní Òkè-Òde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a máa rán ẹni tó gbé ṣakabùlà lọ pàdé ẹni tó gbé AK-47. Kí wọ́n sì ran ẹni tí oko rẹ̀ ti jó lọ́wọ́ pẹ̀lú irúgbìn àti owó alágbàṣe tí yóò bá a ro ó, kí koríko ọdún yìí tó gbẹ.